Adéoyè Lambo, dókítà tó sọ abúlé di ilé ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ wèrè ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Orí ẹnì kan á ṣàdédé dàrú nínú ilé. Bóyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni, bóyá ìyàwó tó bímọ láìpẹ́ ni, bóyá bàbá tó ti ń ro oko rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ogún ọdún ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, kò ní sùn lóru, á máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, á wọ inú igbó lọ. Àwọn ẹbí á sáré kiri: wọ́n á lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Bí owó bá wá tán tí ara ò yá, kí ló kù? Okùn ló kù. Ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀, tàbí igi ńlá kan tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àbà. Wọ́n á gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí sínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ó sì ti rẹ̀ wọ́n.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mọ gbogbo èyí dáadáa, nítorí pé ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Thomas Adéoyè Lambo lorúkọ rẹ̀. Ó ti kú láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n títí di òní, níbikíbi tí àwọn dókítà ọpọlọ bá ti kóra jọ láyé yìí, wọn ò lè sọ̀rọ̀ Áfíríkà kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Ohun tó sì sọ ọ́ di olókìkí kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá tàbí oògùn olówó iyebíye. Abúlé ni. Abúlé àwọn àgbẹ̀, bí irú èyí tí à ń gbé.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba Ìlara kọjá ààlà, tó sì gba Ìmẹ̀kọ, yóò dé ibẹ̀. Ìlú tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ti tètè fìdí múlẹ̀ ni, àwọn òbí níbẹ̀ sì ti mọyì kíkàwé ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Láti 1935 títí di 1940, ó wà ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi fún àwọn ọmọkùnrin, ilé ìwé kan tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá jáde. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì Birmingham. Ó parí ní 1948. Níbẹ̀ náà ló ti fẹ́ ìyàwó, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bí àwọn ọmọkùnrin fún un.

Ká tó sọ ohun tó ṣe nígbà tó padà wálé, ó yẹ ká mọ bí ọ̀rọ̀ wèrè ṣe rí lọ́wọ́ àwọn òyìnbó fúnra wọn, torí pé àwọn ni wọ́n ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, Faransé níhìn-ín.

Àwọn tó lọ sílé ìwé Faransé nínú wa lè ti gbọ́ orúkọ Philippe Pinel. Wọ́n máa ń sọ pé òun ló bọ́ ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn wèrè ní Paris nígbà Révolution. Ká má parọ́, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Jean-Baptiste Pussin ni, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ, tó lọ gba ìtọ́jú fún àìsàn tirẹ̀ ní Bicêtre, tó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi di alábòójútó àwọn wèrè. Ní 1797 ló kó ẹ̀wọ̀n kúrò lára wọn. Pinel tó jẹ́ dókítà ti rí bí Pussin ṣe ń ṣe, ó kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ìwé tó jẹ́ kí gbogbo Yúróòpù gbọ́. Dókítà gba orúkọ, òṣìṣẹ́ ò gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ layé máa ń ṣe nígbà púpọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni Esquirol, ọmọ ẹ̀yìn Pinel, rìn káàkiri ilẹ̀ Faransé láti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn aláìsàn yìí. Inú ẹ̀gbin ló bá wọn. Nígbà tó di 1838, ìjọba ṣòfin pé gbogbo dẹpátímà gbọ́dọ̀ ní ilé tí wọn yóò ti máa tọ́jú wèrè. Ohun rere ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀wọ̀n ni ògiri. Ilé ńlá, ẹnu ọ̀nà kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lè má rí ẹbí rẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ògiri yìí ni wọ́n gbé wá bá wa. Àní nígbà mìíràn wọn ò tiẹ̀ gbé e wá, àwa ni wọ́n kó lọ bá a. Láti 1897, ìjọba Faransé ní Senegal ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn wèrè lọ sí Marseille, sí ilé ìwòsàn Saint-Pierre. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e gorí òkun, ẹ gbé e sínú òtútù, láàárín àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ó ń sọ ìsọkúsọ àbí ó ń tọrọ omi? Púpọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé.

Ní Nàìjíríà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé wèrè sí Calabar ní 1904, wọ́n ṣí òmíràn sí Yaba ní Èkó ní 1907. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi jọ jù. Kì í ṣe láti wo ènìyàn sàn ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, bí kò ṣe láti kó àwọn tó ń da ìgboro láàmú kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ogun Hitler ń lọ, àwọn sójà kan ń ti ojú ogun bọ̀ tí ọkàn wọn ti dàrú. Ibo ni kí wọ́n kó wọn sí? Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní Lántòro, ní Abẹ́òkúta níbẹ̀. Ní 1944 wọ́n sọ ọ́ di ilé wèrè. Ògiri kan náà, orúkọ ló yí padà.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí nígbà tí Lambo padà dé ní nǹkan bí 1950. Ó kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ dókítà lásán fún ìjọba, ó dé ilẹ̀ Haúsá pàápàá. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Maudsley, láti kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Dókítà aláwọ̀ dúdú tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí nígbà náà, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n. Àwọn ẹlòmíràn á fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ, torí ibẹ̀ ni ọlá wà. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní dókítà wèrè?

Ní 1954 wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aró, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: ń kọ́. Ilé náà ò tíì parí. Bẹ́ẹ̀dì ò tíì sí. Àwọn aláìsàn sì ti ń bọ̀. Dókítà mìíràn á sọ pé kí wọ́n lọ sílé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún méjì. Lambo wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí ló rí? Ó rí abúlé mẹ́rin tó yí ibẹ̀ ká, abúlé àwọn Ẹ̀gbá tó ń ṣe oko.

Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbààgbà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, torí ọmọ ilẹ̀ ni. Àbá tó gbé síwájú wọn rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbà: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tí orí wọn dàrú wá gbé pẹ̀lú wọn, nínú ilé tí wọ́n ti ń sùn, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré. Kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ yóò máa san owó yàrá fún onílé. Onílé tí kò bá ní yàrá tó pọ̀ tó, ilé ìwòsàn yóò yá a lówó kó fi fẹ ilé rẹ̀ lójú. Wọ́n gbà.

Òfin kan wà tí Lambo ò fi ṣeré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán. Gbogbo ìtọ́jú inú ilé ìwòsàn, òwúrọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, abúlé ló ni ín. Yóò bá wọn jókòó lábẹ́ igi, yóò bá wọn lọ sóko bí agbára rẹ̀ bá gbé e, yóò gbọ́ àlọ́ lálẹ́, yóò rí ijó, yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì á máa yí abúlé ká láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ.

Kí ni èrèdí gbogbo èyí? Lambo ti rí i pé ohun tó ń pa aláìsàn ọpọlọ jù ni pé kò ní ipò láàárín àwọn ènìyàn mọ́. Ní ilé oníògiri, òun ni wèrè nọ́ńbà báyìí. Ní abúlé, ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹnì kan, ìyàwó ẹnì kan, ó ṣì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀, àgbà sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bí ara rẹ̀ bá ti ń yá, ojú gbogbo wọn ló ń ṣe. Ẹbí tó bá a wá náà ń rí i pé ó ń yá. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, torí ẹni tí wọ́n bá wò sàn ní ìkọ̀kọ̀, tó kàn ṣàdédé padà sílé lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé á ṣì máa sá fún un. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti bá ọmọ rẹ̀ gbé Aró fún oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ò yá.

Àwọn Bẹljíọ̀mù ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Geel, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà, a ò lè sọ pé kò sí irú rẹ̀ rí láyé. Àmọ́ ní Geel, ọ̀dọ̀ àlejò ni aláìsàn ń gbé, láìsí ẹbí rẹ̀. Pé kí ẹbí tẹ̀lé e wá, ti Aró nìyẹn, ó sì jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn wa ni Lambo ti rí i. Torí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe tipẹ́: ẹni tó bá gbé aláìsàn lọ sí agbo ilé oníṣègùn, ẹbí kan á bá a dúró síbẹ̀, á máa dáná fún un. Ohun tí Lambo yọ kúrò nínú rẹ̀ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán.

Àwọn ará abúlé náà jèrè. Owó yàrá ń wọlé. Ilé ìwòsàn gbé omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, àwọn tó ń pa ẹ̀fọn wá. Àwọn kan lè sọ pé ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà. Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ló burú níbẹ̀? Abúlé tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ó yẹ kó rí omi mu. Ìtọ́jú náà kò sì ná ìjọba lówó tó bí wọ́n ṣe ń ná an láti bọ́ ènìyàn sínú ilé oníògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Lambo, dókítà tó kàwé ní Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù, ní kí àwọn oníṣègùn wá bá òun ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan bínú. Lójú wọn, ṣe ló ń fi iṣẹ́ wọn wọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn kan náà ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wò ni pé bí òun fẹ́, bí òun kọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni aláìsàn ń kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ wọn náà ló sì ń padà sí. Bó bá lé wọn, yóò pàdánù aláìsàn. Bó bá pè wọ́n, yóò mọ ohun tí wọ́n ń fún aláìsàn mu, wọn yóò sì ṣàlàyé fún un ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ rò pé ó ń ṣe òun. Ẹni tó gbà pé àwọn ayé ló ń bá òun jà, o ò lè fi abẹ́rẹ́ nìkan pa ìbẹ̀rù yẹn lẹ́nu mọ́. Kò gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó lé wọn lọ́wọ́ o, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ń bá a bójú tó àwọn aláìsàn nínú abúlé, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń darí àpéjọ wọn.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn oníṣègùn wa ní egbò kan, asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n ń fún wèrè mu. Ó máa ń mú un sùn, ó máa ń mú ara rẹ̀ rọ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ nípa rẹ̀ ní 1960, ó sì jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé egbò náà kì í ṣe ìtàn lásán: ìdílé igi kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn ará Íńdíà ń lò, tí àwọn òyìnbó ti yọ oògùn kan jáde lára rẹ̀. Ó léwu bí wọ́n bá fún ènìyàn mu jù, torí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ máa gbẹ́ egbò nítorí ohun tó kà níbí. Ní àsìkò kan náà, oògùn òyìnbó tuntun ti jáde. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris, wọ́n rí i ní 1952 pé ó ń pẹ̀tù sí orí tó dàrú. Largactil lorúkọ tí wọ́n ń tà á. Òun àti irú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń lò ní Aró. Láìsí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ká sọ òótọ́, abúlé nìkan ì bá má tó. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan náà kò tó, ìyẹn sì ni Lambo ń tẹnu mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìjà mìíràn tún wà tó jà, èyí kì í ṣe ti abúlé, ìjà ìwé ni. Dókítà òyìnbó kan, Carothers, tó ti pẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan tó jáde ní 1953. Ó ní ọ̀nà tí adúláwọ̀ ń gbà ronú dà bíi ti òyìnbó tí wọ́n ti la iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ tó di àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wa, bíi pé a ò ní ọkàn tó lè gbọgbẹ́. Ta ló wá tẹ ìwé náà jáde? Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS. Ẹ fi orúkọ àjọ yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Lambo kò fi èébú dá a lóhùn. Láti 1955 ló ti ń kọ sínú ìwé àwọn dókítà ní Ìlú Ọba nípa àwọn aláìsàn Yorùbá, ó ń fi hàn pé àṣà àti ìgbàgbọ́ ló ń fún àìsàn ní aṣọ tó wọ̀, kì í ṣe pé ọpọlọ wa yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1961, òun àti àwọn ará Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, bọ́ sáàárín àwọn abúlé àti inú ìgboro Abẹ́òkúta. Wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè: ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ṣé àyà rẹ máa ń já? Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Kánádà tí Leighton ti ṣe irú iṣẹ́ náà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àìsàn ọpọlọ tí àwọn òyìnbó ń ṣe ni àwa náà ń ṣe, ìbànújẹ́ náà wà pẹ̀lú. Yorùbá lè má ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tó ń sunkún láìnídìí. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ọdún 1961 yẹn kan náà ni Lambo pe àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà àti òkè òkun wá sí Abẹ́òkúta. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí nílẹ̀ Áfíríkà. Tigani el-Mahi ti Sudan wá, òun náà ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, oyè ń gorí oyè, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, Tolani Asuni sì di olórí Aró. Ní 1968 wọ́n fi Lambo ṣe olórí yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ ló dùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀hónú hàn lórí oúnjẹ, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, wọ́n sì pa ọmọ kan, Kúnlé Adépéjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ò gbàgbé ọjọ́ náà títí di òní. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi sùúrù bá wèrè sọ̀rọ̀ wà lórí àga, ìbọn sì dún. A ò lè kọ ìtàn rẹ̀ ká fo ìyẹn.

Ọdún náà ló lọ sí Jẹ̀nẹ́fà, sí OMS, àjọ tó tẹ ìwé Carothers jáde. Ní 1973 ó di igbákejì olórí gbogbo rẹ̀, ó sì wà nípò náà títí di 1988. Ẹ ò rí ayé? Ìgbà tó wà níbẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè pàdé ní Alma-Ata, ní 1978, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé ìtọ́jú ara gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti abúlé, àti pé a lè pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí i níbi tó bá yẹ. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ Aró, kò ní ya á lẹ́nu.

Ní ti abúlé Aró fúnra rẹ̀, kò dúró bó ṣe wà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlú ń fẹ̀ wọ inú oko, owó ilé ń ga, ẹbí tó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ń ṣọ̀wọ́n. Ìlànà náà rọ díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kù, ó sì di ńlá. Irú iṣẹ́ náà tún hù níbòmíràn. Ní Dakar, Henri Collomb, dókítà ológun ará Faransé kan, jẹ́ kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé nínú ilé ìwòsàn Fann, ó sì máa ń ránṣẹ́ pe àwọn oníṣègùn. Ní Senegal kan náà wọ́n dá abúlé àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ ní Kénia, lẹ́bàá Ziguinchor.

Níbí ní Benin, a ní ilé ìwòsàn Jacquot ní Cotonou. A sì ní Grégoire Ahongbonon, tí wọ́n bí ní 1952 ní Kétoukpé, nítòsí ààlà, tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, tó ń fi ayùn rẹ́ ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn wèrè. Kì í ṣe dókítà, bí Pussin náà ò ti jẹ́ dókítà. Ó ṣì wà láàyè, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní ilé ní Avrankou àti níbòmíràn. Pé ó ṣì ń rí ẹ̀wọ̀n tí yóò rẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún wa.

Lambo fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 81. Ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì kúrò níbi tó wà. Aró àti Lántòro ti di ọ̀kan báyìí, wọ́n ń gba àwọn aláìsàn láti ibi gbogbo. Ẹni tó bá ní ẹbí tó wà lórí okùn, ọ̀nà Ìlara sí Ìmẹ̀kọ sí Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, ti Avrankou àti Cotonou náà wà. Kí ẹnì kan nínú ilé bá a lọ, ẹni tó mọ oúnjẹ tó ń jẹ àti orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.